Dísìkì Méjì, Ilẹ̀kùn Kan

Iṣẹ́ tí mo fi yangàn jù láyé mi, òun náà ló ń dójú tì mí báyìí. Kọ̀m̀pútà bàbá mi ni. Ọ̀sẹ̀ kan kí n tó fi Ṣómólú sílẹ̀, mo jókòó tì í nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wọn, mo tú ìdí rẹ̀, mo fi dísìkì kejì sí i, mo sì sọ ọ́ di ẹ̀rọ olórí méjì. Bí ẹ bá tàn án, á kọ́kọ́ bi yín pé ọ̀nà wo lẹ fẹ́ gbà lónìí. Mo ní, "Bàámi, ẹ wò ó, ẹ̀rọ yín ti ní ẹ̀kọ́ ilé, ó ń béèrè kó tó ṣe é." Bàámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ìdí tó fi jẹ́ méjì rèé. Dísìkì àkọ́kọ́, ti àtijọ́ tó ń yí, tó sì máa ń kùn bí oyin, orí rẹ̀ ni ètò tí gbogbo atẹ̀wé Ṣómólú ń lò wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya kàlẹ́ńdà, káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú. Ṣùgbọ́n ètò yẹn àti àmì ohùn kò bára wọn rẹ́. Bàámi á tẹ ọ̀rọ̀ kan tó lámì lórí, á di àpótí òfìfo. Bàámi sì rèé, wọ́n kórìíra kí wọ́n kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, wọ́n ní bí ẹni tó jáde láìwọ bàtà ló rí. Ni mo bá ra dísìkì tuntun kan, pẹlẹbẹ, irú èyí tí kì í yí tí kì í sì í dún. Mo gbé ètò mìíràn lé e, mo fọwọ́ ara mi to bọ́tìnnì rẹ̀ kí àmì kọ̀ọ̀kan lè máa jáde bí wọ́n bá ṣe tẹ̀ ẹ́. A sọ ti àkọ́kọ́ ní ti kàlẹ́ńdà, a sọ èkejì ní ti orin.

Nítorí orin ni wọ́n ń tẹ̀ síbẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ oníbàárà. Àwọn ìyá kan wà tí wọ́n ti ìhà Ọ̀yọ́ wá sí Ṣómólú nígbà ọ̀dọ́ wọn, tí wọ́n máa ń pàdé gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láàárọ̀ kùtùkùtù kí wọ́n tó lọ sẹ́nu òwò. Wọ́n ní orin tiwọn, tí wọ́n fúnra wọn dá, tí kò sí nínú ìwé orin kankan. Ìyá mi wà lára wọn kí wọ́n tó ṣaláìsí. Lẹ́yìn tí ìyá mi lọ, àwọn tó kù ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo, Màmá Abúlé Òkúta. Bàámi ní kò ní ṣojú àwọn kí orin wọ̀nyẹn pa run. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń lọ sílé màmá náà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Màmá á kọrin, Bàámi á fi báírò kọ ọ́ sórí àgékù pépà. Bí wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fìka méjì tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, pẹ̀lú àmì ẹ̀ pé pérépéré.

Àgékù pépà náà ńkọ́? Atẹ̀wé ni bàbá mi. Bí wọ́n bá ti tẹ orin tán, àgékù yẹn ni wọ́n fi ń nu íńkì lọ́wọ́.

Màmá kò béèrè ju nǹkan kan lọ. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí n fọwọ́ mi kan ìwé náà kí n tó lọ." Ara wọn ò sì dá mọ́. Ìlérí tí bàbá mi ṣe nìyẹn, gbogbo rẹ̀ sì wà lórí dísìkì tí mo rà. Mo ti sọ fún wọn rí pé kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí mi lókè òkun níbí kí n bá wọn tọ́jú ẹ̀dà kan. Wọ́n ní iṣẹ́ tí kò tíì parí kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù àwọn. Èmi náà ò tẹnu mọ́ ọn. Mo ní, ó dáa, tó bá yá.

Ìlú tí mo wà yìí, òtútù ibẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo kí ọkùnrin kan tí a pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Ní Ṣómólú, kí èèyàn tó lajú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á ti máa lù gbàdàgbàdà lójúlé mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ á máa han, ẹnì kan á sì máa pariwo pé ta ló gbé sísọ́ọ̀sì òun. Mo máa ń bínú sí ariwo yẹn nígbà náà. Ká ní wọ́n lè rọ ọ́ sínú ike kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi báyìí, ǹ bá gbà á.

Iṣẹ́ tí mo rí ni kí n máa tọ́jú àgbàlagbà nínú ilé wọn. Èmi tí mo kàwé kọ̀m̀pútà! Bàbá tí wọ́n ní kí n máa tọ́jú ń jẹ́ Jọ́ọ̀jì. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ó sì ní kí n máa pe òun ní Jọ́ọ̀jì lásán. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo fi kọ́ra níwájú dígí nínú ilé ìwẹ̀, "Jọ́ọ̀jì, Jọ́ọ̀jì," ìtìjú bò mí. Nígbà tó yá mo ń pè é ní Bàbá Jọ́ọ̀jì. Ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, mo sọ fún un, inú rẹ̀ dùn, àtọjọ́ náà ni kì í dáhùn mọ́ bí mi ò bá ti fi bàbá ṣáájú. Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí nìyẹn, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ohun tó máa ń dùn mí nínú iṣẹ́ náà kì í ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn dídùn. Ẹsẹ̀ ni. Bí mo bá ń fi ìpara pa ẹsẹ̀ Bàbá Jọ́ọ̀jì láàárọ̀, ọkàn mi á lọ sí ẹsẹ̀ bàbá mi tó ń wú ní Ṣómólú, tí mi ò tíì fojú kàn láti ọdún mẹ́ta. Ìwé mi ò tíì pé, mi ò lè lọ kí n sì padà wọlé. Mò ń tọ́jú bàbá ẹni ẹlẹ́ni dáadáa, bàbá tèmi ń dá ẹ̀bà tẹ̀ jẹ. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Tèmi ò tiẹ̀ dùn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni Bàámi pè mí.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí kò béèrè mọ́ o."

"Kí ni kò béèrè mọ́, Bàámi?"

"Kò béèrè ibi tí mo fẹ́ gbà. Bí mo ṣe tàn án báyìí, tààrà ló wọ ti kàlẹ́ńdà. Orin ńkọ́?"

Mo ní kí ni wọ́n ṣe fún un. Wọ́n ní àwọn ò ṣe nǹkan kan, àwọn kàn tú dísìkì àkọ́kọ́ gbé lọ sí ilé àwọn tó ń ṣe pléètì, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ̀wé, ni. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Bí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà bá wúwo ju ohun tí fláàṣì lè gbé, atẹ̀wé á tú dísìkì, á fi aṣọ wé e, á sọ ọ́ sínú nàílọ́ọ̀nù, á forí lé ilé onípléètì. Bó bá dé, á so ó padà. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni pé àwọn tan ẹ̀rọ náà kí dísìkì tó dé, bóyá àwọn á lè rí ti orin ṣe díẹ̀. Dúdú ló ṣú, àwọn sì pa á.

Háà! Mo ti mọ ibi tó ti bàjẹ́, ọwọ́ ta ló sì bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kó yé yín. Ètò kékeré kan ló máa ń kọ́kọ́ jí nínú kọ̀m̀pútà, òun ló ń jí àwọn tó kù. Àwa tí a kọ́ ọ ń pè é ní búùtù-lódà. Òun ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí mo ṣiṣẹ́ náà, ó yẹ kí n fi ẹ̀ṣọ́ dísìkì orin sórí dísìkì orin. Mò ń kánjú, mo jẹ́ kó lọ jókòó sórí ti kàlẹ́ńdà. Dísìkì méjì, ilẹ̀kùn kan. Bí méjèèjì bá wà pọ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàámi tan ẹ̀rọ láìsí dísìkì àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, ẹ̀rọ wá ẹ̀ṣọ́, kò rí i, ó sì gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí dísìkì náà padà dé, ọ̀nà kàlẹ́ńdà nìkan ló rántí. Orin kò sọnù rárá. Ó wà níbẹ̀ digbí. Ọ̀nà tó dé ibẹ̀ ló sọnù.

Mo mọ̀ pé dísìkì yẹn máa ń jáde. Kí n tó rìnrìn àjò, èmi gan-an ni mo máa ń gbé e lọ. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ó tún ń béèrè nǹkan kan," Bàámi ní. "Ó ní òun rí dísìkì kan tí òun ò lè kà, pé ṣé kí òun fọ́máàtì rẹ̀."

"Yéè! Bàámi, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o! Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tẹ nǹkan kan!"

"Kí lo ń pariwo sí? Ṣé mo máa ń tẹ nǹkan láìbéèrè ni? Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú, kì í bàjẹ́."

Dísìkì orin ló ń sọ. Ètò ti kàlẹ́ńdà kò gbọ́ èdè ètò kejì, ohun tí kò bá sì yé e, ó fẹ́ nù ún kúrò ni. Mo ní kí wọ́n máa tẹ kánsù, ìyẹn rárá, nígbàkigbà tó bá ti béèrè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ti yé àwọn.

Ọjọ́ mẹ́rin la fi ń jà. Mo ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ kí wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì kan lókè kíákíá, kó tó ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Bàámi á wá ìgò ojú wọn, wọ́n á wá bọ́tìnnì, ẹ̀rọ á ti wọlé. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá. Nígbà tí wọ́n rí i tẹ̀ lójú àkókò, orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ti kàlẹ́ńdà. Mo gbìyànjú kí n gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọnú ẹ̀rọ náà láti ibí, nẹ́tíwọ̀kì ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́ orúkọ mi rí. Nígbà tí iná bá wà ní Ṣómólú, èmi wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo bá délé, iná á ti lọ. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tún nǹkan yìí ṣe, iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni, mo sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi bí ẹni tí wọ́n dì lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò fi bò.

Bàámi tiẹ̀ gbé e lọ bá Wàsíù, ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀m̀pútà ṣe ní Bàrígà. Wàsíù wò ó fìrí, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kàn fọ́máàtì méjèèjì, gbogbo wàhálà yìí á lọ." Iṣẹ́ wọn nìyẹn, bí kọ̀m̀pútà bá wúkọ́, fọ́máàtì. Bàámi ní, "O ṣeun, ọmọ mi," wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n gbé e padà sílé. Wọ́n fi èyí rẹ́rìn-ín fún mi lórí fóònù. Wọ́n ní, "Mo gbà á lọ́wọ́ ikú lónìí."

Ó wá ku ọgbọ́n kan. Fláàṣì. Mo fẹ́ kí wọ́n kó ètò ìgbàlà kan sórí fláàṣì, kí ẹ̀rọ lè ti orí rẹ̀ jí, kí n wá fi ẹ̀ṣọ́ padà sí ààyè rẹ̀. Fláàṣì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn ti bàjẹ́ díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ di fífọ́máàtì kó tó ṣeé lò. Mo sọ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, "Bàámi, ti fláàṣì yìí nìkan, bó bá béèrè, ẹ tẹ bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n ní, "O sọ pé kí n máa tẹ kánsù." Mo ní, "Ti fláàṣì yàtọ̀." Wọ́n ní, "Màá bi ọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, iná dé. Mo wà lọ́dọ̀ Bàbá Jọ́ọ̀jì. Wọn ò fẹ́ kí a máa gba ìpè lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo ti ki okùn fóònù sétí lábẹ́ fìlà.

"Mo ti ki fláàṣì bọ̀ ọ́," Bàámi ní. "Ó ti ń béèrè."

"Kí ló sọ, Bàámi? Ẹ ka á fún mi."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Bàbá mi kì í kàwé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó gun orí ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe ń kà á, ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Mò ń gbọ́ wọn, mo gbójú sókè, mo rí Bàbá Jọ́ọ̀jì tó ti dìde lórí àga. Kò mú igi tó fi ń rìn. Ó ń lọ síbi kẹ́tùlù tó ń hó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n.

"Ó ní F," Bàámi ń sọ létí mi. "Ọmọ mi, èyí tí a fẹ́ nù yìí, ṣé F náà ni?"

"Bàbá Jọ́ọ̀jì, ẹ dúró!" Mo ti ń sáré lọ.

"Ṣé F ni, ọmọ mi? Nítorí nǹkan méjì ló gbé wá síwájú mi..."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi! Ohunkóhun tó bá béèrè, ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́!"

Mo gbá Bàbá Jọ́ọ̀jì mú lábíyá bó ti ń ṣubú, àwa méjèèjì jọ jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Kò fara pa. Kẹ́tùlù ò kàn án. Ó ní kí n má bínú, tíì ni òun fẹ́ pò fún mi. Mo ṣì dì í mú ni ohùn bàbá mi tún wọlé.

"Ó ti parí. Kíá ló parí."

"Ẹ ṣeun, Bàámi."

"Ṣé o mọ̀ pé ó ti ṣí? Èyí tí kì í ṣí tẹ́lẹ̀ yẹn, ó ti ṣí!" Inú wọn dùn. "Ṣùgbọ́n mi ò rí orin níbẹ̀. Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní."

Nǹkan méjì ló gbé wá, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ọ̀kan ń béèrè nípa fláàṣì, èkejì ń béèrè nípa dísìkì orin. F, lẹ́tà tí ẹ̀rọ fi ń dárúkọ ohun tó fẹ́ nù, kì í ṣe fláàṣì; dísìkì orin ni.

Wọ́n gbé e padà lọ bá Wàsíù. Lọ́tẹ̀ yìí Wàsíù gbìyànjú dé ojú àmì, ọjọ́ méjì gbáko. Òun ló pè mí fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ká ní ti àtijọ́ tó ń yí yẹn ni, ǹ bá fà díẹ̀ jáde. Irú tuntun tẹ́ ẹ rà yìí, bí wọ́n bá ti nù ún, ó ti lọ nìyẹn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàámi pè lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀.

"Ọmọ mi, ọwọ́ mi ló gbọ̀n. O ti sọ ọ́ fún mi dáadáa, mo ṣì í tẹ̀. Ojú mi ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo lanu. Mo fẹ́ sọ pé, Bàámi, ẹ béèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ béèrè lọ́wọ́ mi, èmi ni mo ní kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Kò burú, Bàámi." Wọ́n ní, "O ò bínú?" Mo ní, "Mi ò bínú." Mo kórìíra ara mi.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ẹni tó wà lókè òkun ní ilé méjì. Bóyá. Èmi mọ̀ pé lọ́jọ́ náà mo wà nínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì gba ọ̀kan là. Bí mo bá wọlé sọ́dọ̀ Bàbá Jọ́ọ̀jì tí mo rí i lórí àga rẹ̀ ní ìjókòó, inú mi á dùn pé kò fẹsẹ̀ ṣẹ́. Lẹ́yìn náà mi ò ní lè wo ojú rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Kò ṣẹ̀ mí.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Bàámi pè mí láti ilé Màmá Abúlé Òkúta. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí èmi máa tẹ̀ ẹ́ níbí, kí ọwọ́ àwọn má tún ba nǹkan jẹ́. Mo gbé kọ̀m̀pútà mi sórí ẹsẹ̀. Wọ́n gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu màmá. Ohùn wọn ti di tín-ín-rín, èémí ń já wọn, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́:

"Ilẹ̀kùn tí mo kàn,
ẹnì kan ń bẹ nínú ilé.
Bí kò bá dáhùn lónìí,
mo dúró dè é dọ̀la."

Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì fi àmì sí i. Wọ́n kọ márùn-ún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹfà, ó sọnù mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ó tún sọnù. Wọ́n ní, "Ìyá rẹ ló máa ń lé èyí. Èmi kàn ń gbè é ni." Orin tó kù níbẹ̀ lé ní ọgbọ̀n.

Lẹ́yìn náà ni màmá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́."

"Ẹ̀bẹ̀ kẹ̀, Màmá? Kí lẹ fẹ́?"

"Bàbá rẹ ni. Kò jẹun dáadáa mọ́. Ó ní iṣẹ́ ńlá tí o ṣe sílẹ̀ fún òun kí o tó lọ, òun ló fọwọ́ ara òun bà á jẹ́. Àgbà ló dé sí i, ọmọ mi, kì í ṣe àìgbọ́ràn. Nítorí tèmi, dárí jì í."

Mò ń gbọ́ èémí bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù náà. Wọ́n ń dúró de ohun tí màá sọ. Kò sí ẹni tó ń ṣubú nínú yàrá mi, kò sí kẹ́tùlù tó ń hó, kò sí ohun tó ń kán mi lójú. Ọ̀rọ̀ náà, pé èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, wà lẹ́nu mi.

Mo ní, "Mo ti dárí jì wọ́n, Màmá."

Bàámi gba fóònù.

"O ṣeun," wọ́n ní. "O ṣeun, ọmọ mi."